Àrùn Ọ̀nà Ìtọ̀ Tí Ń Padà Wá Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn, àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí òkè Ọya, tí oòrùn Èrèlé àti Ẹrẹ́nà sì ń ràn sórí òrùlé páànù láti Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, títí dé Ṣakí àti gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn, tí kànga ń fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ han ẹni tí ń fà á, tí àwọn odò kéékèèké sì ti di ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá, àìsàn kan wà tí kì í pariwo bí ibà, tí kì í sì í kó ìlú láyà jẹ bí onígbáméjì, ṣùgbọ́n tí ó ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin fínra lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mú, ìtọ̀ a máa gbóná mọ́ ọn lábẹ́, a máa ta á. Kò ní í tíì jókòó dáadáa tí yóò tún fi dìde, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí yóò jáde kò ní í ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ikùn a máa ro ó, nígbà mìíràn ìtọ̀ náà a ṣú, a rùn, ẹ̀jẹ̀ a sì hàn nínú rẹ̀. Ó lo oògùn, ó san. Oṣù díẹ̀ sí i, ó tún dé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 6, tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, àwọn oníṣègùn a kà á sí àrùn ọ̀nà ìtọ̀ tí ń padà wá, irú èyí tí oògùn gbígbé mì nìkan kò lè ká lápá kò. Ìdènà rẹ̀ ní ìgbà ooru ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá fún kọ́ ni ó ń ṣe wá ní ibi.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èrò ọjà tàbí èrò ọkọ̀ níbi tí àrùn yìí ti ń wá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọn yóò dárúkọ: ṣálángá ilé àyágbé, àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì ilé ìwé, tàbí ti ilé epo tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni wọ́n ń pè é, àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ sì ti fi orúkọ náà jẹun pẹ́. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kórìíra ẹ̀gbin o. Ẹ̀gbin ni bàbá onígbáméjì, òun náà ni ìyá aràn. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àrùn ọ̀nà ìtọ̀ kì í ba de ènìyàn lórí àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Inú ìfun ẹni tí ń ṣàìsàn gan-an ni ilé rẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Oníṣègùn àwọn ọmọdé kan, Theodor Escherich, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe kòkòrò yìí ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1885, láti inú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ kòkòrò náà títí di òní: Escherichia coli, tí àwọn ará ilé àyẹ̀wò ń gé kúrú sí E. coli. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú ìfun, alájọgbé tí kì í sábà fa wàhálà ni. Ìgbà tí ó bá ti ìdí rìn dé ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, tí ó sì gòkè lọ sínú àpòòtọ̀, ni ó ń di ọ̀tá. Ìrìn náà kò sì jìn lára obìnrin, nítorí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, nígbà tí ti ọkùnrin tó nǹkan bí 20.

Gígùn àti kúkúrú ọ̀nà yìí ni ó fà á tí àrùn náà fi ń bá obìnrin jà ju ọkùnrin lọ. Ọ̀rọ̀ pé obìnrin dọ̀tí tàbí pé ó ṣe ìṣekúṣe kò sí níbẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ìṣekúṣe yìí nítorí ilé tí ó ti dàrú lórí rẹ̀ kò kéré: ọkọ gbọ́ pé ìtọ̀ ń gbóná mọ́ aya rẹ̀ lábẹ́, ó ní àtọ̀sí ni, ó ní kí ó dárúkọ ẹni tí ó kó o ràn án. Àtọ̀sí wà lọ́tọ̀, àyẹ̀wò sì ń fi í hàn yàtọ̀. Àrùn tí à ń wí yìí, omidan tí kò tíì mọ ọkùnrin lè ní in, ọmọ jòjòló lè ní in, ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ ti re ibi àgbà ń rè lè ní in.

Kí ni ooru wá fi ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ohun ìjà tí àpòòtọ̀ gbójú lé jù ni pé kí ó máa kún kí ó sì máa ṣófo. Kòkòrò tí ó bá yọ́ wọlé, ìtọ̀ tí ó bá tú jáde pẹ̀lú agbára ni yóò gbá a síta kí ó tó rí ibi lẹ̀ mọ́. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín odò tí ń ṣàn àti omi tí ó dágún sí ẹsẹ̀ àpáta: èyí tí ń ṣàn kì í dúró kí ìdọ̀tí tó fìdí kalẹ̀, èyí tí ó dágún ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára, omi tí ìbá gba ọ̀dọ̀ kídìnrín lọ sí àpòòtọ̀ a sì gba ojú awọ jáde. Bí ọpọlọ bá ti fura pé omi ara ń dín kù, a ránṣẹ́ sí kídìnrín pé kí ó ṣọ́ omi lò, kídìnrín kì í sì í ṣàìgbọràn: ìtọ̀ a dín, a ki, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹni tí ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí lẹ́ẹ̀meje lóòjọ́ a wá di ẹni tí ń tọ̀ lówùúrọ̀ kí ó tó jáde, tí kò sì tún tọ̀ mọ́ àfi ìgbà tí ó bá wọlé lálẹ́. Láàárín wákàtí gbọọrọ bẹ́ẹ̀, kòkòrò tí ó lè pín sí méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 bí àyè bá gbà á ti bímọ, ọmọ ti bímọ, ọmọ ọmọ ti di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tí ń ka iye aláìsàn ti ṣàkíyèsí pé inú oṣù ooru ni àrùn yìí ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ oṣù ooru wọn kò pọ̀ tó tiwa.

Pé omi mímu ń dènà rẹ̀, àwọn ìyá wa ti ń wí i kí a tó bí àwọn oníwèé tí ń wádìí nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò jáde títí di ọdún 2018, láti inú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Sofia, olú ìlú Bulgaria. Obìnrin 140 ni wọ́n kó jọ, tí àrùn náà ti kọlù lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán láàárín ọdún kan, tí wọ́n sì jẹ́ ẹni tí kì í mu omi púpọ̀: gbogbo ohun olómi tí olúkúlùkù wọn ń mu lóòjọ́ kò tó lítà kan ààbọ̀. Wọ́n ní kí ìdajì wọn máa fi lítà kan ààbọ̀ omi kún ti àtẹ̀yìnwá lójoojúmọ́, kí ìdajì yòókù máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tí kò fi nǹkan kún un ti ní àrùn náà ní ìgbà 3.2 ní ìpíndọ́gba, àwọn tí ó fi kún un ní in ní ìgbà 1.7, oògùn apakòkòrò tí wọ́n lò sì dín kù bákan náà. Omi kò lọ́tàá, a ti máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ó wá dájú pé òun náà ní ẹni tí ó ń bá ṣọ̀tá. Lítà kan ààbọ̀ tí à ń sọ yìí kò ju omi inú ọ̀rá mẹ́ta lọ, ti píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ 50cl sí lára.

Bí ó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí a máa mu ún? Níbí ni ọ̀rọ̀ wà, níbí sì ni mo ti ń bá àwọn oníwàásù ìlera jiyàn, àwọn tí ń ké pé kí a mu omi, kí a mu omi, tí wọ́n sì ń gba ilé wọn lọ. Obìnrin tí ó ní ìsọ̀ ní Bódìjà tàbí ní Ọjà Ọba kò ṣàìmọ̀ pé omi dára. Ohun tí ó tún mọ̀ ni pé omi tí ó bá wọlé yóò wá ọ̀nà jáde, àti pé bí àkókò yẹn bá tó, yóò fi ọjà sílẹ̀ fún aládùúgbò ṣọ́, yóò la ọ̀pọ̀ èrò kọjá, yóò san owó lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì bá ohun tí ojú kò fẹ́ rí nínú ilé tí ó sanwó wọ̀. Ọkùnrin a kọjú sí ògiri, ọ̀rọ̀ a parí, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri náà pé ẹni tí ó bá tọ̀ síbẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì di ẹni ìtìjú. Nítorí náà a máa ṣe ìpinnu kan tí ó bọ́gbọ́n mu lójú ara rẹ̀: láti ìdájí tí ó bá ti ta kókó àárọ̀ sẹ́nu, omi kò tún ní í kan ọ̀fun rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́bìnrin tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olùkọ́ kò ní ilẹ̀kùn ṣe irú ìpinnu yìí. Ọmọbìnrin tí ń gbé ilé ìwé tí omi ti gbẹ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìgbà Kérésìmesì ṣe é. Èrò ọkọ̀ tí ó ti mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ṣe é kí ó tó dé ibùdókọ̀, ó sì fi ọ̀rá omi rẹ̀ sínú báàgì láì já a.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po. Ìbẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó mu omi, ìbẹ̀rù náà ni kò jẹ́ kí ó tọ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó tọ̀, àìmu àti àìtọ̀ yìí ni ó sì ń fún kòkòrò ilé ara rẹ̀ láyè láti di ọba lé e lórí. Ohun tí ó ń sá fún kò pa á lára tó sísá tí ó ń sá. Kódà nígbà tí ó bá wọ ibẹ̀, kì í fẹ́ kí ara òun kan àwo, a ga ìdí sókè lófuurufú, iṣan ìsàlẹ̀ ara kì í sì í dẹ̀ tán ní ìdúró bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ a ṣẹ́ kù sínú àpòòtọ̀. Ó sàn kí ó fi omi ṣan àwo náà tàbí kí ó fi bébà nù ún, kí ó jókòó, kí ó fara balẹ̀ tọ̀ tán. Ìlóṣòó tí ó kanlẹ̀ lórí ṣálángá pàápàá sàn ju ìnàró-kò-nàró yẹn lọ. Ṣùgbọ́n èyí kò gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ó ni ín. Ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà tí ń gba owó ọjà, alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ń gba owó ìsọ̀, àti ọ̀gá ilé ìwé tí ń gba owó ọmọ, bí wọn kò bá ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ní omi, tí ó ní ìmọ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì, ìwàásù wọn nípa omi mímu kò ní í wọ etí ẹnikẹ́ni.

Ní ti omi náà gan-an, ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí obìnrin tí àrùn yìí ti mọ ilé rẹ̀ má ṣe dúró de òǹgbẹ, nítorí kí òǹgbẹ tó dé, kídìnrín ti ń há omi. Kí ó mu ife kan bí ó bá ti jí, kí ó sì máa mu díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, dípò kí ó kó gbogbo rẹ̀ dà sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́, èyí tí yóò jẹ́ kí ó jí ní òru láìnídìí. Ìwọ̀n tí mo mọ̀ tí ó rọrùn jù ni àwọ̀ ìtọ̀: bí ó bá mọ́ tàbí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó tó; bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ọ̀sán gangan, omi kò tó, bí ó ti wù kí a ti mu tó. Kí ó má sì jẹ́ kí ó ju wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ láìtọ̀ lójúmọmọ. Omi lásán ni ó dára jù. Ohun dídùn inú ìgò kò lè gba ipò rẹ̀, ọtí ní tirẹ̀ a máa lé omi jáde kúrò lára. Ẹni tí oníṣègùn bá sì ti díwọ̀n omi fún nítorí àìsàn ọkàn tàbí ti kídìnrín, kí ó tẹ̀lé oníṣègùn rẹ̀, kí ó má tẹ̀lé mi.

Àwọn Mùsùlùmí wa ní ìṣòro tiwọn, nítorí ní ọdún 2024 àti 2025, inú Ẹrẹ́nà gan-an ni ààwẹ̀ Rámádáànì ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ooru mú jù lọ. Láti ìṣínu títí di sààrì ni àkókò omi wọn, ó sì yẹ kí wọ́n lo gbogbo rẹ̀: ife kan tàbí méjì nígbà ìṣínu, òmíràn ṣáájú àṣámù àti lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn nígbà sààrì, kí wọ́n má sì jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù nínú oúnjẹ sààrì. Ẹni tí àrùn náà bá ń dà láàmú lọ́wọ́, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ti fún aláìsàn láyè láti tú ààwẹ̀ kí ó sì san án padà lọ́jọ́ mìíràn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìmọ́tótó, nítorí níbẹ̀ náà ni à ń ṣe àṣejù. Òógùn ẹ̀ẹ̀rùn a máa mú kí obìnrin máa rò pé ara òun ń rùn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ olóòórùn dídùn, ọṣẹ ìpakòkòrò, omi iyọ̀, tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò rere kan ń gbé inú ojú ara obìnrin, iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ibẹ̀ kan díẹ̀ kí E. coli má baà rí ibi tẹ̀dó. Ọṣẹ tí ó wọ inú lọ kì í ya rere sọ́tọ̀ kúrò lára búburú. Omi tútù lóde ara tó. Pé kí a nu ìdí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, àwọn ìwádìí kò rí i pé ó ń yí nǹkan padà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, n kò sì rí ìdí tí a ó fi jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni ó lágbára jù nínú àwọn ọ̀dọ́ obìnrin: ìbálòpọ̀ a máa ti kòkòrò sí ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, ó sì dára kí obìnrin dìde lọ tọ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ìpara tí ń pa àtọ̀ ọkùnrin, nítorí òun náà a máa pa àwọn kòkòrò rere tí mo wí.

Ọjà oògùn kún fún ohun tí wọ́n ń tà fún àrùn yìí. Omi èso cranberry àti hóró rẹ̀ ní ẹ̀rí díẹ̀: àtúpalẹ̀ ìwádìí 50 tí àjọ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2023 rí i pé ó ń dín àrùn náà kù lára àwọn obìnrin tí ó ń padà bá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ń fi zobo rọ́pò rẹ̀ nítorí pé àwọ̀ méjèèjì jọra, omi inú rẹ̀ ni ó ń jàǹfààní, kí ó má sì kó ṣúgà dà sí i. Ìyẹ̀fun D-mannose, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní òkè òkun, ti bọ́ lójú àwọn amòye: ní ọdún 2024, ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú obìnrin 598 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélìsì fi hàn pé kò ṣe ju ìyẹ̀fun lásán lọ.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kápúsù méjì-méjì tí a ń rà ní kẹ́míìsì. Ara tu, a fi ìyókù pamọ́ de ìgbà mìíràn; kòkòrò tí kò kú kọ́ ìjà, ìgbà tí ó bá padà, oògùn náà kò tún ran án mọ́. Ibà gbígbóná pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì, ẹ̀gbẹ́ tí ń dunni nísàlẹ̀ egungun ìhà, àti èébì, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìtọ̀ gbígbóná, kídìnrín ni àrùn ti dé, kí a má ṣe pè é ní ibà ẹ̀fọn kí a sì máa mu àgbo lé e lórí. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dúró de àmì kankan, nítorí kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ láìta á, kí ó sì gòkè lọ sí kídìnrín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ọkùnrin tí ó bá ní in, ọmọdé tí ó bá ní in, àti ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí oníṣègùn wá ìdí rẹ̀. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ìpara ẹ́sítírójìn tí a ń fi sí ojú ara lè ṣe ohun tí omi nìkan kò lè ṣe: nínú ìdánwò kan tí ó jáde ní ọdún 1993, láàárín obìnrin 93, àwọn tí ó lò ó kò ní àrùn náà ju ìdajì ìgbà kan lọ lọ́dún ní ìpíndọ́gba, nígbà tí àwọn tí kò lò ó ní in ní ìgbà 5.9. Oògùn mìíràn wà, methenamine, tí ìdánwò kan tí ó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn sí mímu oògùn apakòkòrò lójoojúmọ́. Kí ẹni tí ó bá ti mu omi títí tí àrùn kò sì lọ bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa rẹ̀.

Bí àrùn náà bá sì tún dé, kí a gba ìtọ̀ sínú ike mímọ́ kí a tó gbé oògùn kankan mì, nítorí oògùn tí ó bá ti wọlé ṣáájú lè pa kòkòrò tí ilé àyẹ̀wò fẹ́ hù mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí a fi omi fọ abẹ́, kí a tọ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ dànù, kí a gba ti àárín, kí a dé ike náà pa, kí a sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí méjì, tàbí kí a fi í sínú fìríìjì bí ọ̀nà bá jìn, nítorí ooru tí ó gba kòkòrò láyè nínú ara yóò gbà á láyè nínú ike pẹ̀lú.